Ta Ni Ó Dá Ibi? Ìtàn Ìbéèrè Kan Láti Inú Ìwé Gẹ́nẹ́sísì

Ẹni àkọ́kọ́ tí ó di ẹ̀bi ìwà búburú ọmọ ènìyàn ru Ọlọ́run kì í ṣe aláìgbàgbọ́ kan ní ayé òde òní. Ádámù fúnra rẹ̀ ni. Nígbà tí a bi í léèrè bóyá ó ti jẹ nínú èso igi tí a kà léèwọ̀ fún un, ó fèsì pé obìnrin tí Ọlọ́run fi fún òun ni ó fún òun jẹ. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wo èsì yìí yóò rí i pé ẹni méjì ni Ádámù fẹ̀sùn kàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: ó fẹ̀sùn kan ìyàwó rẹ̀, ó sì fẹ̀sùn kan ẹni tí ó fi ìyàwó náà jíǹkí rẹ̀. Éfà ní tirẹ̀ ti ẹjọ́ náà sí ejò lọ́rùn. Ejò kò rí ẹni tí yóò tì í sí. A kò tilẹ̀ bi í léèrè ohun kan kí ìdájọ́ tó bọ́ sórí rẹ̀. Ìyà dé bá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n apá ọ̀rọ̀ Ádámù tí ó kan Ọlọ́run gbọ̀ngbọ̀n kò rí ìdáhùn kankan gbà.

Ìdáhùn tí Gẹ́nẹ́sísì kò fi fúnni yìí ni àwọn ènìyàn ti ń wá láti ẹgbẹ̀rún ọdún méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà gẹ́gẹ́ bí ìtumọ̀ ìtàn ọgbà Édẹ́nì, èyí ni pé Èṣù ni ó wọ inú ejò, àti pé ẹ̀bi Ádámù ti di gbèsè ọrùn gbogbo ọmọ tí obìnrin bí, kò sí nínú ìtàn náà gan-an. Àwọn ènìyàn tí a mọ orúkọ wọn, nínú àríyànjiyàn tí a mọ ohun tí ó fà á, ni wọ́n mú un wọ inú rẹ̀. Ní ìgbà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, lẹ́ẹ̀kan ní èdè Látìnì, lẹ́ẹ̀kan ní èdè Yorùbá, ọwọ́ àwọn ògbufọ̀ wà níbẹ̀.

Kí a kọ́kọ́ wo ìtàn náà bí ó ti wà ní èdè Hébérù. Ejò inú orí 3 jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹranko ìgbẹ́ tí Ọlọ́run dá. Ìwé náà kò pè é ní ẹ̀mí, kò sì pè é ní áńgẹ́lì tí ó ṣubú. Ohun tí ó sọ ni pé ó ní àrékérekè ju àwọn ẹranko yòókù lọ. Ọ̀rọ̀ tí a lò fún àrékérekè rẹ̀, arum, àti èyí tí a lò fún ìhòòhò tọkọtaya náà nínú ẹsẹ tí ó ṣáájú, arumim, jọ ara wọn púpọ̀, nítorí pé ẹni tí ó kọ ìtàn náà fẹ́ràn àti máa fi ọ̀rọ̀ dárà, gẹ́gẹ́ bí àwọn babaláwo ti ń ṣe nínú ẹsẹ Ifá. Ọ̀rọ̀ náà “ẹ̀ṣẹ̀” kò sí nínú orí 3 rárá. Ìgbà tí Kéènì ń bínú sí àbúrò rẹ̀ ní orí 4 ni a kọ́kọ́ pàdé rẹ̀, níbi tí Ọlọ́run ti kìlọ̀ fún un pé ẹ̀ṣẹ̀ ba ní ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n pé ó yẹ kí ó borí rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó sọ fún Kéènì pé bàbá rẹ̀ ti ba gbogbo nǹkan jẹ́ sílẹ̀ dè é. Nígbà tí ó sì di orí 6, tí ìwà ìkà gba ayé kan, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ni a ní ó kẹ́dùn pé òun dá ènìyàn. Ó hàn gbangba pé ẹni tí ó kọ ọ̀rọ̀ yìí kò bẹ̀rù àti fi Ọlọ́run sínú ọ̀ràn náà.

Kàyéfì mìíràn ni pé àwọn wòlíì Ísírẹ́lì, tí wọ́n fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn bá àwọn ènìyàn wọn wí nítorí ìwà búburú, kò fi ohun tí Ádámù ṣe ṣàlàyé rẹ̀. Ìsíkíẹ́lì tilẹ̀ ta ko òwe kan tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ará ìlú rẹ̀, pé bàbá ni ó jẹ èso kíkan tí eyín ọmọ fi ń kan. Ẹni tí ó bá ṣẹ̀, ni wòlíì náà wí, òun ni yóò ru ẹ̀bi rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Hébérù tí ó dúró fún ibi, ra', tún ní ìṣòro tirẹ̀. Ó dúró fún ìwà ìkà, ó dúró fún àjálù, ó sì dúró fún ohunkóhun tí kò bá ènìyàn lára mu. Àwọn èdè Yúróòpù mélòó kan a máa wá ọ̀nà láti ya àwọn nǹkan wọ̀nyí nípá, ṣùgbọ́n Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dọ́gba. Nígbà tí àwọn àgbà bá wí pé tibi tire ni a dá ilé ayé, wọn kò dúró láti ya ikú ọmọ kúrò lára ìkà aládùúgbò. Nítorí náà orí 45 nínú ìwé Àìsáyà kì í fi bẹ́ẹ̀ ba òǹkàwé Yorùbá lẹ́rù. Wòlíì tí ọ̀rọ̀ inú orí náà jẹ́ tirẹ̀ ń bá àwọn ìgbèkùn ní Bábílónì sọ̀rọ̀, ní àkókò tí Kírúsì ọba Páṣíà, ẹni tí ó gba ìlú náà ní ọdún 539 ṣáájú ìbí Kírísítì, ti ń sún mọ́ tòsí. Ó kéde pé ẹni kan náà ni ó dá ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn, ẹni kan náà ni ó ń mú àlàáfíà wá tí ó sì ń dá ra'. Èyí ni ìdáhùn tí ó le jù lọ nínú gbogbo Májẹ̀mú Láéláé: bí Ọlọ́run bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, ọwọ́ rẹ̀ ni ohun gbogbo ti wá. Bóyá ìwà ìkà ènìyàn wà lára ohun gbogbo náà, wòlíì kò sọ.

Àwọn kan fẹ́ kí ó wà lára rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 180 ṣáájú ìbí Kírísítì, olùkọ́ kan ní Jerúsálẹ́mù tí à ń pè ní Ben Sira kìlọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pé kí wọn má ṣe wí pé Ọlọ́run ni ó mú àwọn ṣìnà. A kì í sáà kìlọ̀ fún ènìyàn nípa ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sọ; ó dájú pé àwọn ọ̀dọ́ kan ń sọ ọ́ ní ìgboro. Èsì Ben Sira ni pé iná àti omi ni Ọlọ́run gbé kalẹ̀, kí olúkúlùkù na ọwọ́ sí èyí tí ó bá wù ú. Níbòmíràn nínú ìwé kan náà, ó ní ọ̀dọ̀ obìnrin ni ẹ̀ṣẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, gbólóhùn kan tí àwọn obìnrin ti ru ẹrù rẹ̀ láti ìgbà náà wá. Ìwé Ọgbọ́n Sólómọ́nì, tí Júù kan kọ ní èdè Gíríìkì lẹ́yìn rẹ̀, wá ẹlòmíràn tí yóò ru ẹ̀bi: ó ní ìlara diabolos ni ó mú ikú wọ ayé. Ibẹ̀ wà lára àwọn ibi tí a ti kọ́kọ́ rí i tí ọ̀tá kan dúró láàárín Ọlọ́run àti ìtàn Édẹ́nì.

Àmọ́ ìgbà tí àwọn ọmọ ogun Róòmù wó Tẹ́mpìlì Jerúsálẹ́mù ní ọdún 70 ni ìbéèrè náà di ọ̀rọ̀ ẹkún. Ìwé méjì ti inú ìparun náà jáde, àwọn òǹkọ̀wé wọn sì fi orúkọ àwọn ènìyàn àtijọ́ bojú. Nínú èyí tí a fi orúkọ Ẹ́sírà kọ, Ẹ́sírà dojú kọ áńgẹ́lì Uriel, ó ń bi í léèrè ìdí tí Ọlọ́run fi fi òfin lé ènìyàn lọ́wọ́ tí kò sì mú ọkàn búburú kúrò nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí Ádámù, ó ń sunkún pé ìṣubú rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ìwé kejì, èyí tí a fi orúkọ Bárúkù kọ, jọ ọ́ bí ìbejì, ṣùgbọ́n lórí ọ̀ràn yìí wọ́n yà: Bárúkù ní olúkúlùkù wa ni Ádámù ara rẹ̀. Àwọn rábì tí ó jogún ẹ̀kọ́ àwọn Júù kò tẹ̀lé igbe Ẹ́sírà. Wọ́n kíyè sí i pé nínú Gẹ́nẹ́sísì orí 2, níbi tí Ọlọ́run ti mọ ènìyàn, lẹ́tà kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì níbi tí ọ̀kan ìbá ti tó, wọ́n sì wí pé ìfà méjì ni Ọlọ́run dá mọ́ ènìyàn, ọ̀kan sí rere, ọ̀kan sí búburú. Wọn kò tijú àti sọ pé Ọlọ́run ni ó dá èyí tí ó burú. Àwọn kan nínú wọn tilẹ̀ ní bí kò bá sí i, ènìyàn kì bá kọ́lé, kì bá gbéyàwó, kì bá bímọ, kì bá sì ṣòwò. Ọlọ́run tí ó dá a ni ó sì pèsè Òfin gẹ́gẹ́ bí oògùn rẹ̀.

Láàárín àwọn Kristẹni, ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ gbà yàtọ̀. Marcion, ọlọ́kọ̀ ojú omi láti Sinope ní etí Òkun Dúdú, tí ìjọ Róòmù yọ lẹ́gbẹ́ ní ọdún 144, gbà pé Ọlọ́run tí ó dá ayé kì í ṣe Bàbá Jésù. Tertullian ará Kátéèjì, tí ó kọ̀wé ta kò ó, fi ìbéèrè àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ pa mọ́ fún wa: bí Ọlọ́run bá dára, tí ó mọ ọjọ́ iwájú, tí ó sì lágbára, kí ló dé tí ó fi jẹ́ kí ènìyàn tí í ṣe àwòrán rẹ̀ ṣubú? Ìbéèrè náà mú bí abẹ, Tertullian kò sì lè fi ẹ̀gàn bò ó mọ́lẹ̀. Irenaeus, bíṣọ́ọ̀bù Lyons ní nǹkan bí ọdún 180, fún un ní èsì tí ó rọ̀. Ó ní ọmọdé ni Ádámù, kò tíì gbọ́n tán nígbà tí a tàn án jẹ, Ọlọ́run sì ń tọ́ ọmọ ènìyàn dàgbà díẹ̀díẹ̀. Ó ṣe ni láàánú pé ìwọ̀-oòrùn kò gbé ọ̀nà yìí rìn jìnnà.

Ẹni tí ó mú ọ̀nà mìíràn là ni Augustine, tí a bí ní ọdún 354 ní Thagaste, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Àlùjíríà lónìí. Ìbéèrè tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé ni ó lé e wọ inú ẹ̀sìn Mani nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 19, ó sì tó ọdún mẹ́sàn-án tí ó fi ń tẹ̀lé wọn. Àwọn ọmọlẹ́yìn Mani ní èsì tí ó rọrùn: ìmọ́lẹ̀ wà láti àtètèkọ́ṣe, òkùnkùn náà sì wà, Ọlọ́run kò dá ibi, ibi ni ó gbógun tì í. Wọ́n a sì máa fi Gẹ́nẹ́sísì ṣẹ̀fẹ̀. Kí ni Ọlọ́run ń ṣe kí ó tó dá ayé? Ṣé kò mọ ibi tí Ádámù sá sí ni ó fi ń pè é? Irú Ọlọ́run wo ni yóò fi ìmọ̀ rere àti búburú du ẹ̀dá rẹ̀? Nígbà tí Augustine fi wọ́n sílẹ̀, tí ó ṣe ìrìbọmi ní Mílánì ní 387, ọ̀kan nínú àwọn ìwé tí ó tètè kọ ni èyí tí ó fi gbèjà Gẹ́nẹ́sísì lọ́wọ́ wọn. Ó wí pé ibi kì í ṣe ohun kan tí a dá. Bí òkùnkùn ti jẹ́ àìsí ìmọ́lẹ̀, bí àìsàn ti jẹ́ àìsí ìlera, bẹ́ẹ̀ ni ibi jẹ́ àìsí rere níbi tí ó yẹ kí rere wà. Nítorí náà Ọlọ́run kò lè jẹ́ olùdá rẹ̀; ènìyàn ni ó fi ìfẹ́ inú ara rẹ̀ yà kúrò lọ́nà.

Èsì yìí dùn gbọ́, àwọn ọlọ́gbọ́n ayé sì ti ń yìn ín di òní. Ṣùgbọ́n kí ni ó mú ìfẹ́ inú tí Ọlọ́run dá ní rere yà kúrò lọ́nà? Augustine fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ibẹ̀ ni bàtà ti ń ta òun lẹ́sẹ̀. Nínú ìwé ńlá tí ó kọ nípa Ìlú Ọlọ́run, ó ní ẹni tí ó bá ń wá ohun tí ó fa ìfẹ́ búburú dà bí ẹni tí ó fẹ́ fi ojú rí òkùnkùn tàbí tí ó fẹ́ fi etí gbọ́ ìdákẹ́jẹ́. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, àmọ́ kì í ṣe èsì.

Ohun tí ó sọ ọ̀rọ̀ náà di òfin ìjọ ni ìjà rẹ̀ pẹ̀lú Pelagius, ará Bìrìtéènì kan tí ó ti ń kọ́ni ní Róòmù, tí ó sì kọjá sí Áfíríkà lẹ́yìn tí àwọn Goth kó ìlú náà ní ọdún 410. Pelagius kọ́ni pé ènìyàn lè ṣe rere bí ó bá fẹ́, àti pé àpẹẹrẹ búburú ni Ádámù fi lélẹ̀, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ búburú. Augustine bi í léèrè: bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni a ń wẹ̀ nù lára ọmọ ọwọ́ nígbà tí a bá ṣe ìrìbọmi fún un? Ó tọ́ka sí ẹsẹ 12 nínú orí 5 ìwé tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Róòmù. Ní èdè Gíríìkì, ọ̀rọ̀ méjì kéékèèké tí ó wà níbẹ̀, eph' ho, ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà sí “nítorí pé”: ikú dé bá gbogbo ènìyàn nítorí pé gbogbo wọn ni ó ṣẹ̀. Bíbélì Látìnì tí Augustine ń lò kọ in quo, èyí tí a lè kà sí “nínú ẹni tí”: inú Ádámù ni gbogbo wọn ti ṣẹ̀. Augustine kò gbọ́ Gíríìkì dáadáa. Kì í ṣe òun ni ó kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ náà báyìí, òun kọ́ ni ó sì túmọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni ó gbé ilé ńlá lé orí rẹ̀. Ìgbìmọ̀ àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Kátéèjì fi ọwọ́ sí i ní ọdún 418.

Alátakò tí ó mọ ibi tí bàtà náà gbé ń ta ni Julian, bíṣọ́ọ̀bù Eclanum ní Ítálì, tí a lé kúrò lórí oyè nítorí ọ̀ràn náà. Julian bèèrè pé ta ni ó ń dá ọmọ inú oyún. Bí Ọlọ́run bá ni, tí ọmọ náà sì jẹ́ ẹlẹ́bi kí ó tó mí èémí àkọ́kọ́, a jẹ́ pé Ọlọ́run ń dá ẹlẹ́bi, ó sì ń fi ìyà jẹ iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Ó fi kún un pé Augustine kò tíì fi Mani sílẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀. Augustine dá a lóhùn pé ọmọ ọwọ́ tí ó bá kú láìṣe ìrìbọmi yóò jìyà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyà tirẹ̀ ni yóò fúyẹ́ jù lọ. Ó ń kọ ìwé mìíràn sí Julian lọ́wọ́ nígbà tí ikú dé bá a ní 430, tí àwọn Vandal ká ìlú Hippo mọ́. Ìwé náà kò parí. Nínú gbogbo ìtàn yìí, kò sí ibi tí ìgbèjà Ọlọ́run ti ná ènìyàn ní ohun tí ó pọ̀ tó báyìí: kí Ọlọ́run má bàa jẹ̀bi ibi, a sọ ọmọ tuntun di ẹlẹ́bi. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú ní ọjọ́ kẹta ni ó mọ bí ẹ̀kọ́ náà ti wúwo tó.

Àwọn ìjọ Gíríìkì, tí wọn kò ní in quo láti kà, kò gba ẹ̀bi àjogúnbá yìí ní ọ̀nà kan náà. Erasmus, tí ó tẹ Májẹ̀mú Tuntun ní Gíríìkì jáde ní 1516, tọ́ka sí àṣìṣe Látìnì náà, ṣùgbọ́n ilé ti ga ju kí a tún ìpìlẹ̀ rẹ̀ wú lọ. Ìgbìmọ̀ Trent fi èdìdì dì í fún ìjọ Kátólíìkì ní 1546. Àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì, tí wọ́n ya kúrò lára Róòmù lórí ọ̀pọ̀ nǹkan, gbé èyí dání lọ: ìkẹsàn-án nínú Àkọlé Ẹ̀kọ́ Mọ́kàndínlógójì ti Ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá lórí ẹ̀ṣẹ̀ àbímọ́, ó sì dárúkọ àwọn ọmọlẹ́yìn Pelagius láti bá wọn wí.

Ìjọ tí ó ní Àkọlé Ẹ̀kọ́ wọ̀nyí ni ó fi Samuel Ajayi Crowther joyè àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1843, òun náà sì ni ó rán an padà sí ilẹ̀ Yorùbá. Crowther, Thomas King àti àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ Bíbélì; Gẹ́nẹ́sísì wà lára àwọn ìwé tí ó jáde ní àwọn ọdún 1850, odindi Bíbélì sì parí ní 1884. Iṣẹ́ ńlá ni, àǹfààní tí ó ṣe fún èdè Yorùbá kò sì ṣe é díye lé. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbé wá nílò ọ̀tá kan, wọ́n sì ní láti wá orúkọ fún un. Níbi tí Bíbélì bá ti ní satan, wọ́n yá ọ̀rọ̀ náà lò, wọ́n kọ ọ́ ní Sátánì. Níbi tí Gíríìkì bá ti ní diabolos, wọ́n kọ Èṣù. Nípa bẹ́ẹ̀, nígbà tí òǹkàwé Yorùbá bá dé orí 12 ìwé Ìfihàn, níbi tí a ti so ejò àtijọ́ mọ́ diabolos, orúkọ Èṣù ni ó bá níbẹ̀, ó sì gbé orúkọ náà padà lọ sí ọgbà Édẹ́nì.

Èṣù tí àwọn babaláwo mọ̀ kò bá ẹrù yìí mu. Òun ni ó ń gbé ẹbọ lọ síbi tí ó yẹ kí ẹbọ dé, òun ni ó ń ròyìn ìwà àwọn ènìyàn àti ti àwọn òrìṣà fún Olódùmarè. Ó ń ti ẹni tí ó rúbọ lẹ́yìn, ó sì ń dá sèríà fún ẹni tí ó kọ̀. Oníjàngbọ̀n ni, kò sẹ́ni tí yóò jiyàn rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀tá Olódùmarè. Ohun tí ó ń pa ènìyàn lára ní orúkọ tirẹ̀ nínú Ifá: àwọn ajogun ni, Ikú, Àrùn, Òfò àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. E. Bọ́lájí Ìdòwú, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ àlùfáà Mẹ́tọ́díìsì, sọ ọ́ ní kedere nínú ìwé tí ó kọ nípa Olódùmarè ní 1962 pé Èṣù kì í ṣe diabolos inú Májẹ̀mú Tuntun. Orúkọ náà ṣì wà nínú Bíbélì síbẹ̀.

Kò yẹ kí a pe àwọn ògbufọ̀ náà ní aláìmọ̀kan. Ẹnìkan wà nínú Bíbélì tí ó jọ Èṣù lóòótọ́. Nínú ìwé Jóòbù, satan kì í ṣe ọ̀tá tí a lé kúrò lọ́run. Ó ń bá àwọn ọmọ Ọlọ́run pé jọ sí ààfin, ó ń rìn káàkiri ayé, ó ń mú ìròyìn ìwà ènìyàn wá, kò sì lè fọwọ́ kan Jóòbù láìgba àṣẹ. Àgbà babaláwo kan tí ó bá gbọ́ ìtàn náà kò ní ṣàì mọ ẹni tí à ń sọ. Àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti kọ Sátánì. Níbi tí ọ̀tá Ọlọ́run ti jìnnà sí Èṣù jù lọ ni wọ́n ti kọ Èṣù.

Láti ìgbà náà ni gbólóhùn kan ti gbilẹ̀ lẹ́nu ọmọ Yorùbá, Kristẹni àti ẹni tí kì í ṣe Kristẹni, níwájú adájọ́, níwájú bàálé, níwájú ìyàwó tí ọkọ ṣẹ̀: pé Èṣù ni ó ti òun ṣe é. Ẹjọ́ Éfà ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yí padà. Ẹni tí ó ń rò ó kàn ti mọ orúkọ tí yóò pe ejò ni.